Ìbọn ọdẹ tó ṣe é tú sí méjì kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àmọ́ mi ò gba ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé ìbọn lever-action (èyí tí a ń fa irin abẹ́ rẹ̀ kí ọta mìíràn tó wọlé) tó ṣe é tú sí méjì, ẹwà lásán ló wà fún. Ẹ wo Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kò ní títì. Bàálù kékeré ló ń gbé ọdẹ lọ sínú igbó, àyè ẹrù inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ yọ kúrò lára ìdí á wọ àpò kúkurú, bẹ́ẹ̀ ọta .45-70 rẹ̀ lágbára débi pé ó lè dá béárì dúró.

Kì í ṣe àrà tuntun pàápàá. Ilé-iṣẹ́ ìbọn Winchester ti ta irú rẹ̀ lára Model 1892 àti 1894 tí John Browning ṣe. Ẹ ó tú páìpù ọta tó wà lábẹ́ ọ̀pá síwájú, ẹ ó yí ọ̀pá ìbọn díẹ̀, ó yọ nìyẹn. (Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀!)

Awò, ìyẹn dígí tí ọdẹ fi ń fojú sun ẹran, ló yẹ kí ẹ tẹnu mọ́. Bí awò bá wà níhà ìdí, tí ẹ tú ìbọn tí ẹ tún tò ó, ibi tí ọta ń bà lè yẹ̀. Lójú tèmi, ojú ìbọn (irin ìfojúsun) tó wà lórí ọ̀pá gan-an ló dára jù, torí òun àti ọ̀pá kì í pínyà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó sínú páìpù: ẹnu ti ẹ̀yìn lè gbá ìdí ti iwájú, níbi tí iná ọta ti ń ràn, kó bú gbàmù lọ́wọ́ yín. Ìbọn lever-action BLR ti ilé-iṣẹ́ Browning kò ní ìṣòro yìí, inú àpótí kékeré ni ọta tirẹ̀ ń wà.