Àtúnṣe lórí ohun tí àwọn ará Sumer kọ́kọ́ kọ sílẹ̀
Ẹni tó kọ ọ́ pé àwọn òrìṣà tó ti ojú ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ ló kọ́ àwọn ará Sumer, àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Ìráàkì òní, ní ìwé kíkọ, kí àṣírí ayé má baà sọnù, kò tíì wo ohun tó wà lára wàláà amọ̀ wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó pẹ́ jù lọ, tí wọ́n hú jáde ní Uruk ní gúúsù Ìráàkì, tí wọ́n sì ti wà láti nǹkan bí ọdún 3300 ṣáájú ìbí Kristi, jẹ́ àkọsílẹ̀ ọkà báálì, ọtí, àgùntàn àti oúnjẹ òṣìṣẹ́: akọ̀wé a fi pòròpórò esùsú tẹ ihò sára amọ̀ tútù fún iye, a sì ya orí màlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ akápò pọ́ńbélé! Irú ìkọ̀wé náà kò sì bá wọn kú, nítorí àwọn ará Bábílónì ṣì ń fi í kọ nípa ìràwọ̀ ní nǹkan bí ọdún 75 lẹ́yìn ìbí Kristi.