Àwọn ọmọ Silicon Valley nìkan kọ́ ló bí AI: owó ológun ló wà nídìí ẹ̀

Ìtàn yìí ò ṣàjèjì sí yín. Àwọn ọmọ kan tí wọn ò parí yunifásítì jókòó sínú gáréèjì ní Kalifóníà, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń tẹ kọ̀ǹpútà, olówó aládàáni kan nawọ́ owó sí wọn, AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń mú kí ẹ̀rọ ṣe bí ẹni ń ronú, bá jáde. Ìjọba ò mọ̀ sí i, ológun ò mọ̀ sí i. Ìgbà tí gbogbo ayé ti gbọ́ tán ni Pentagon, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sáré tẹ̀ lé wọn kiri.

Wọ́n á tún fi kún un pé ìyàtọ̀ àárín Amẹ́ríkà àti Ṣáínà nìyẹn: ní Ṣáínà, ológun àti aráàlú ló jọ ń ṣe é, ní Amẹ́ríkà, ti aráàlú lọ́tọ̀, ti ológun lọ́tọ̀. Kò sì sí ìgbà tí wọ́n ń jiyàn bóyá ó yẹ kí ìjọba Nàìjíríà náwó sórí ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ẹnì kan ò ní sọ pé, "Ẹ ní kí ìjọba kúrò lọ́nà jàre. Ṣé ìjọba ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni o, ìjọba ni. Ìjọba ọ̀hún gan-an, ẹ̀ka ológun rẹ̀ ló gbé bùkátà tó pọ̀ jù, fún ohun tó ju ogójì ọdún lọ. Kòkòrò tó ń jó lẹ́bàá ọ̀nà, inú igbó ni onílù rẹ̀ wà.

Oṣù Keje ọdún 1958, iléeṣẹ́ ológun orí omi Amẹ́ríkà pe àwọn oníròyìn jọ ní Washington kí wọ́n wá fojú ara wọn rí nǹkan. Frank Rosenblatt, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Cornell ní Buffalo, ló ni iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà IBM 704, tó tóbi débi pé odidi yàrá ló ń gbà, ni wọ́n fi dán an wò. Wọ́n ń fi káàdì hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan: àmì wà lápá òsì àwọn kan, ó wà lápá ọ̀tún àwọn yòókù. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ẹ̀rọ náà ní òfin tó máa fi mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Nígbà tó fi máa wo káàdì bíi 50, ó ti mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Perceptron ni Rosenblatt pè é, òun sì ni baba ńlá gbogbo neural network ayé òní (ètò kọ̀ǹpútà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti inú àpẹẹrẹ), títí kan èyí tó wà nínú ChatGPT. Ọ́fíìsì ìwádìí ti ológun orí omi ló ń sanwó iṣẹ́ ọ̀hún. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ pé àwọn ológun náà ń retí pé lọ́jọ́ iwájú ẹ̀rọ yìí á lè rìn, á sọ̀rọ̀, á ríran, á kọ̀wé, á bí irú ara rẹ̀, á sì mọ̀ pé òun wà láyé. Ní 1958 o! Ẹni tó bá rò pé ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu lórí AI, kó lọ wá ìwé ìròyìn ọjọ́ náà kà.

Òótọ́ ni pé ìpàdé Dartmouth ti 1956, tí gbogbo èèyàn kà sí ìsọmọlórúkọ AI, kì í ṣe owó ológun ló gbé e ró. Àjọ Rockefeller ló fún John McCarthy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 7,500 dọ́là. Kò burú, ẹ jẹ́ kí Rockefeller gba ìyìn tiẹ̀. Àmọ́ owó ìpàdé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan nìyẹn. Owó tí wọ́n fi ra kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fi kó àwọn onímọ̀ jọ, tí wọ́n fi tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìran kan sí òmíràn, ibòmíràn ló ti wá.

ARPA, àjọ ìwádìí ológun, ni ibẹ̀ yẹn. Pentagon dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejì 1958, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí Soviet ju sátẹ́láìtì Sputnik sójú ọ̀run tí jìnnìjìnnì sì bo Washington. Nígbà tó yá wọ́n fi D ṣáájú orúkọ rẹ̀, ó di DARPA. Ní 1963, àjọ náà kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 dọ́là fún yunifásítì MIT fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Project MAC, owó ọ̀hún ò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìyẹn. Stanford rí tiẹ̀ gbà, Carnegie Mellon rí tiẹ̀ gbà. Ilé ìwádìí SRI ní Menlo Park náà rí tiẹ̀ gbà, òun ni wọ́n fi ṣe Shakey láàárín 1966 sí 1972: ẹ̀rọ onítáyà kan tó máa ń gbọ̀n bó bá ń rìn, àmọ́ tó lè wo inú yàrá, kó pinnu ọ̀nà tó máa gbà, kó sì ti àpótí kúrò lójú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ìṣirò A* tí wọ́n gbé jáde ní 1968 kí Shakey lè mọ ọ̀nà tó yá jù ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ géèmù tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré lónìí. Ẹ sì wo àdúgbò náà dáadáa: Menlo Park, láàárín gbùngbùn Silicon Valley. Owó ológun ti délẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ gáréèjì tí à ń wí.

Ẹni tó bá ń ṣiyè méjì lórí bí owó náà ṣe gba ilẹ̀ kan tó, kó wo ohun tí Geoffrey Hinton ṣe. Onímọ̀ AI ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ń kọ́ni ní Carnegie Mellon ní àwọn ọdún 1980. Kò fẹ́ràn òṣèlú Ààrẹ Reagan, kò sì wù ú kó jẹ́ pé Pentagon lá máa bọ́ ìwádìí òun. Ní 1987 ó kó ẹrù rẹ̀, ó di Toronto, níbi tí Kánádà ti rí owó tí kì í ṣe ti ológun fún un. Ibẹ̀ ni òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì ti ṣe AlexNet, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ohun inú àwòrán mọ̀, ní 2012, èyí tó ṣílẹ̀kùn AI tí à ń lò báyìí, Nobel sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 2024. Kí ọkùnrin yẹn tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìfọwọ́ kan owó ológun, ó di dandan kó kọjá ààlà orílẹ̀-èdè.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti aṣálẹ̀ Mojave, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2004. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé tó bá fi máa di 2015, kí ìdá kan nínú mẹ́ta ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ máa rìn láìsí èèyàn nínú. DARPA wá gbé mílíọ̀nù 1 dọ́là kalẹ̀: ọkọ̀ tó bá dá rìn nǹkan bíi máìlì 142 la aṣálẹ̀ já, láìní awakọ̀, láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀ láti òkèèrè, òun ló ni ín. Yunifásítì wá, oníṣẹ́ ọwọ́ wá, akẹ́kọ̀ọ́ wá. Ẹyọ ọkọ̀ kan ò dé. Alùpùpù tí Anthony Levandowski gbé wá láti Berkeley ṣubú lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó gbéra, torí pé wọ́n gbàgbé láti tan ohun tó máa mú un dúró. Sandstorm, ọkọ̀ ológun Humvee tí Carnegie Mellon tún ṣe, ló rìn jìnnà jù: ó rin máìlì méje àti díẹ̀, ó há sórí òkìtì níbi kọ́nà kan, táyà iwájú ń yí lórí asán títí ó fi gbiná. Àwọn oníròyìn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́ba.

DARPA ò bínú. Ó sọ owó náà di mílíọ̀nù 2, ó ní kí wọ́n padà wá. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá 2005, ọkọ̀ márùn-ún parí máìlì 132. Stanley, Volkswagen kan tí Sebastian Thrun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Stanford ṣe, ló gba owó náà, kò sì lò tó wákàtí méje. Ní 2009, Google kó Thrun jọ pẹ̀lú Levandowski alálùpùpù àti Chris Urmson tó wà lára àwọn tó ṣe Sandstorm, ó ní kí wọ́n wá ṣe ọkọ̀ tó ń dá wa ara rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló di Waymo, takisí tí kò ní dẹ́rẹ́bà tó ń gbé èrò káàkiri San Francisco àti Phoenix.

Siri náà ńkọ́? Ní 2003, DARPA gbé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CALO fún SRI yìí kan náà, pé kí wọ́n ṣe olùrànlọ́wọ́ inú kọ̀ǹpútà tó máa bá ọ̀gá ológun tọ́jú ìwé, ìpàdé àti iṣẹ́ ọ́fíìsì. Àwọn onímọ̀ tó lé ní 300 ló bá wọn dá sí i. Àwọn kan yọ iléeṣẹ́ kékeré kan jáde lára rẹ̀ ní 2007, Apple rà á ní oṣù Kẹrin 2010, ó sì kó sínú iPhone 4S ní 2011. Ẹni tó ń bi fóònù rẹ̀ pé ṣé òjò á rọ̀ lónìí, iṣẹ́ tí wọ́n fi owó ológun bẹ̀rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń mi orí báyìí: "Ẹ ò rí i? Ohun ìjà ni látìbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń tàn wá jẹ." Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀. J.C.R. Licklider, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó kọ̀ǹpútà fún ARPA ní 1962, ẹni tó ní làákàyè ló máa ń kówó fún, kò bi wọ́n pé mélòó ni bọ́ǹbù tó máa tibẹ̀ jáde. Àwọn kan fi owó náà kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìṣirò, àwọn kan fi kọ́ ọ ní ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Ó tó 1969 kí òfin tó dé pé ìwádìí tí Pentagon bá máa sanwó fún gbọ́dọ̀ wúlò fún ológun ní tààràtà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó ọ̀hún sì wọgbó. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ á máa túmọ̀ èdè Rọ́ṣíà fún àwọn amí. Ìgbìmọ̀ kan jókòó lé e ní 1966, ó ní kò ì yá, owó bá gbẹ. Ní 1983 wọ́n tún dáwọ́ lé òmíràn tó fẹ́ẹ̀ẹ́ gba bílíọ̀nù kan dọ́là, ọkọ̀ ogun adárìn wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò dé ojú ogun. Èyí tó wúlò gan-an fún wọn, DART, ẹ̀rọ ìṣètò ìrìnnà ni, tó ń ṣírò bí wọ́n ṣe máa kó ọmọ ogun àti ẹrù lọ sí ogun Gulf ní 1991. DARPA sọ lẹ́yìn náà pé òun nìkan ti san owó AI ọgbọ̀n ọdún padà. Ẹ wò ó, iṣẹ́ tí kò jìnnà sí ti àwọn ọ̀gá páàkì!

Ìgbàgbọ́ tí mo ń tú palẹ̀ yìí ní ẹsẹ̀ kan tó dúró lé, ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Láti nǹkan bí 2012, owó aládàáni ti bo ti ológun mọ́lẹ̀. Ṣíìpù méjì tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣeré géèmù ni wọ́n fi kọ́ AlexNet. Microsoft nìkan sọ ní oṣù Kìíní 2025 pé òun máa ná bílíọ̀nù 80 dọ́là sórí ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá láàárín ọdún ìnáwó kan. Gbogbo owó tí DARPA ń rí ná lọ́dún, lórí gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4 lọ. Pentagon, tó jẹ́ pé òun ló ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ nígbà kan, ti wá di oníbàárà tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ìdí nìyẹn tí Project Maven fi dá ìjà sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2017, Pentagon ní kí wọ́n wá AI tó máa bá òun wo fídíò tí dróònù ń yà, torí pé ó ti pọ̀ ju ohun tí ojú èèyàn lè wò tán. Google gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́, àwọn tó lé ní 3,000 fọwọ́ sí lẹ́tà pé kí iléeṣẹ́ àwọn má bá wọn dá sí òwò ogun, àwọn kan tilẹ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2018, Google ní òun ò ní tún iṣẹ́ àgbàṣe náà ṣe mọ́, ó sì ṣèlérí pé òun ò ní ṣe AI fún ohun ìjà. Maven ò kú. Iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Palantir wà lára àwọn tó ń ṣe é lọ. Ní oṣù Kìíní 2024, OpenAI yọ ọ̀rọ̀ tó fi de iṣẹ́ ológun kúrò nínú òfin rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2025, Google pa ìlérí ohun ìjà tiẹ̀ rẹ́. Tó fi máa di oṣù Keje ọdún náà, OpenAI, Google, Anthropic àti xAI ti gba iṣẹ́ àgbàṣe lọ́wọ́ Pentagon, tí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lè tó mílíọ̀nù 200 dọ́là.

Ṣáínà tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ wá ńkọ́? Kò sí ìbòjú níbẹ̀: Beijing gbé ètò AI rẹ̀ jáde ní oṣù Keje 2017, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ti ológun àti ti aráàlú gbọ́dọ̀ jọ rìn. Òṣìṣẹ́ tó máa kọ lẹ́tà tako ológun ní gbangba níbẹ̀, tí ọ̀gá á sì gbà fún un, mi ò tíì rí i. Ìyàtọ̀ gidi nìyẹn, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ DeepSeek, AI Ṣáínà tó mú kí iye owó iléeṣẹ́ Nvidia tó ń ṣe ṣíìpù já wálẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 590 dọ́là lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù Kìíní 2025, owó ta ló gbé e dìde? Owó Liang Wenfeng àti iléeṣẹ́ rẹ̀ tó ń ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á ní Hangzhou. Aládàáni pọ́ńbélé.

Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ní ológun ò mọ̀ sí i, wọ́n búra fún ọ̀gá iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹ́rin sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìpamọ́ ní oṣù Kẹfà 2025: Andrew Bosworth ti Meta, Kevin Weil ti OpenAI, Shyam Sankar ti Palantir, àti Bob McGrew tó ti ṣe ọ̀gá ìwádìí ní OpenAI rí. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ọmọ ogun yòókù. Ipò lieutenant colonel ni wọ́n fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an, wọn ò sì ní kí wọ́n fi iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ sílẹ̀.