Iná adápítà ń tàn, fídíò ò rìn!

Ẹ jọ̀ọ́, irú rìkọ́dà fídíò wo ló máa kọ "kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì" sójú tẹlifíṣọ̀n, tó sì máa panu mọ́? Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báwo? Ṣé wáyà ni àbí àdírẹ́sì ni ò rí gbà lọ́wọ́ ráútà, àbí adápítà gan-an ni ò rí? Kò ní sọ o! Linux ló sì wà nínú ẹ̀, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, Linux tó jẹ́ pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ tí kì í kọ sílẹ̀, wọ́n wá lọ ti gbogbo ẹ̀ pa.

Wọn ò fi ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí i, ni mo bá fọwọ́ ara mi to adápítà tó máa so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣíìpù ENC28J60 ni mo lò. Iná tàn, mo ping ẹ̀ (ìyẹn ni pé mo fi dátà kékeré pè é wò bóyá á dáhùn), ó ń dáhùn geere. Mo wá ní kó gbé fídíò wá sórí kọ̀ǹpútà, háà! Mo mọ̀ pé 10 Mbps ni agbára ṣíìpù yẹn mọ, mi ò retí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fáìlì 2 GB yẹ kó gba bí ìdajì wákàtí tàbí kó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́ bá a ni, kò tíì dé ìdajì, ó tún já, ó tún kọ "kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì".

Gbogbo ẹni tí mo bi ní kí n pààrọ̀ kébù. Kébù kẹ̀! Wáyà 1, 2, 3 àti 6 ló ń lò nínú mẹ́jọ, mo fi mítà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pé. Tó bá jẹ́ kébù, ṣé ping á máa lọ á máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ ni?

Duplex ni, ìyẹn bí ẹ̀rọ méjì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà! Ṣíìpù yìí kì í bá ráútà dúnàádúrà rárá, ráútà á béèrè, kò ní rí èsì, á gbà pé half-duplex ni, kí ọ̀kan máa dákẹ́ tí èkejì bá ń sọ̀rọ̀. Kóòdù tí gbogbo ayé ń dà kọ wá lọ fi ṣíìpù sí full-duplex tipátipá, kí méjèèjì máa sọ̀rọ̀ pọ̀! Ìkan ń sọ̀rọ̀ lọ láìdúró, èkejì gbà pé ọ̀kan ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, pákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà) ń kọlu ara wọn, wọ́n ń sọnù, wọ́n ń tún wọn rán. Ping kéré, òun ń ráyè kọjá, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ó sì wà kedere nínú ìwé tí wọ́n kọ fún ṣíìpù yẹn o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ wa ò kà á, wọ́n kàn ní "sọ ọ́ pọ̀, á ṣiṣẹ́". Mo yí i sí half, fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ẹsẹ̀.

Inú mi ò tíì dùn tán tí adápítà tún fi ń kú. Tó bá jókòó jẹ́ẹ́, kò sí wàhálà, tó bá ti fẹ́ rán dátà ló ń kú, torí ó lè fa iná tó 180 mA lórí 3.3 V, ibi tí wọ́n ní ká ti já iná nínú rìkọ́dà ò lè gbé e, mítà ń fi hàn mí bí fóltéèjì ṣe ń wálẹ̀. Kí ni rìkọ́dà kọ? "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì"! Ọ̀rọ̀ kan náà! Mo wá iná ọ̀tọ̀ fún un, ó dúró. (MAC, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, náà ò bá ṣíìpù yìí wá o, ẹni tó bá to méjì kó má fi kóòdù kan náà sínú wọn láìyí i padà.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni, ẹ kọ duplex síbẹ̀, ẹ kọ 180 mA síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe rìkọ́dà, ẹ ṣí log yẹn, àkọsílẹ̀ tí Linux ń kọ, sílẹ̀ jàre, owó wa la fi ra ẹ̀rọ!