Àtúnṣe: Irọ́ ni pé Ọ́stríà kò borí Napoleon rí

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí ayélujára pé àwọn ọmọ ogun Ọ́stríà kò borí Faransé lójú ogun rárá láyé Napoleon, ọ̀gágun tó di olú-ọba Faransé, àti pé Rọ́ṣíà ni ó kọ́kọ́ lé ọkùnrin náà sẹ́yìn ní ọdún 1812. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni àwọn ará Ọ́stríà fojú winá lójú ogun Marengo ní 1800, tí Ọ̀gágun Mack tiwọn sì túúbá ní Ulm ní 1805, kí ìṣẹ́gun Napoleon ní Austerlitz tó wá gorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 21 àti 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1809, ní Aspern àti Essling, abúlé méjì tí kò jìnnà sí Vienna, Ọmọọba Charles ti Ọ́stríà lé Napoleon fúnra rẹ̀ padà. Odò Danube ti kún. Àwọn ará Ọ́stríà wá ń tú ìtì igi, ọkọ̀ tó kún fún òkúta àti ilé ìlọ-ọkà tó ń léfòó lórí omi tí wọ́n ti dáná sí sójú ìṣàn, kí wọ́n lè lọ kọlu afárá tí Faransé fi ọkọ̀ tò. Afárá náà já léraléra, ìrànwọ́ àti ẹ̀tù kò sì lè kọjá bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ni ọta àgbá ti ba Ọ̀gágun Lannes, ọ̀rẹ́ Napoleon, lẹ́sẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù náà. Ẹ̀bi tí mo lè fi kan Charles ni pé kò lépa wọn.

Napoleon gbẹ̀san ní Wagram lóṣù Keje, bóyá ìyẹn ni ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbàgbé Aspern. Charles yìí kan náà sì ti ṣẹ́gun Jourdan, ọ̀gágun Faransé, ní Würzburg ní 1796 àti ní Stockach ní 1799.