Ìdọ̀tí ni wọ́n ń tà fún mi, dọ́là ni wọ́n sì ń gbà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbọ́ o, tí mi ò bá sọ eléyìí síta inú mi á bẹ́. Síkúrùù mẹ́tàlá. Mẹ́tàlá péré, èyí tí wọ́n fi ń de pickguard, ike pẹlẹbẹ tó máa ń wà níwájú gìtá, mọ́ ara béèsì gìtá, gbogbo wọn ti dógùn-ún, ẹni tó ń tà á wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdógùn-ún yẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ́n, ó ní dọ́là 65, owó bàálù ò tíì sí níbẹ̀ o. Ìdógùn-ún! Èyí tí ìyá mi fi ń lé wa kúrò nídìí àpótí irinṣẹ́ nígbà tá a wà ní kékeré!

Béèsì bàbá mi ni mò ń tún ṣe, mo fẹ́ kó padà rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Fender, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe gìtá, ló ṣe é, Precision ni wọ́n ń pè é, ti 1967 ni, àlòkù ló rà á ní London ní 1974 kó tó gbé e wálé sí Ìbàdàn, òun ló fi ń ṣe òde mọ́jú. Lake Placid Blue ni wọ́n ń pe àwọ̀ tó wà lára ẹ̀, búlúù tó ń dán yinrin bíi mọ́tò, torí ọ̀dà mọ́tò DuPont ni Fender ń lò fún àwọn àwọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Àbúrò bàbá mi kan wá wà (mi ò bú àgbà o, mò ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni), ní 1996 ló ní gìtá ti dọ̀tí, kò ṣeé gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kun mọ́tò ní Mushin. Wọ́n kùn ún dúdú bíi kóró iṣin. Pickguard tó rí bí ìgbá ahun ti sán létí ihò síkúrùù, ike celluloid ayé ìgbà yẹn máa ń súnkì bẹ́ẹ̀, wọ́n jù ú nù, wọ́n gé fọmáíkà sí i. Fọmáíkà orí tábìlì! Oníṣẹ́ rédíò wá yọ volume àti tone ẹ̀, ó fi ti rédíò sí i, lẹ́ẹ̀dì tó fi jó wáyà pọ̀ rí kórókóró bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Mo bi bọ̀dá wa pé kí ló dé, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí ìwọ lo sọ pé ọ̀dà mọ́tò ló wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ọ̀dà mọ́tò náà la kùn ún, kí lo wá ń jà sí?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti volume yẹn. Ti 1966 ni mò ń wá, torí Fender ra èyí tó pọ̀ gan-an lọ́dún yẹn, òun ni wọ́n ṣì ń bá nínú gìtá 67, 68, títí dé 69. Mo rí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní òun ní in, mo sanwó, mo dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo san owó tí wọ́n fi já a ní kọ́sítọ́ọ̀mù, mo tú páálí, mo yí i sẹ́yìn, mo wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: 1378214. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á mọ̀ pé 137 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é, 82 ni ọdún, 14 ni ọ̀sẹ̀. Ọdún 1982! Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gìtá yẹn nígbà náà! Mo kọ̀wé sí i, ó ní vintage náà ni, ó ṣáà ti pẹ́. Ó ṣáà ti pẹ́ kẹ̀, èmi náà ti pẹ́, kó wá rà mí!

Ọ̀dà wá kù. Nitro, ọ̀dà tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń bò ó lókè, wọn ò gbà kó wọ bàálù torí iná lè ràn mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ mi ò rí i rà níbí. Mo ní kò burú. Mo tú bridge, irin tí okùn gìtá máa ń gbà kọjá nísàlẹ̀, àwọn ará Mushin ò yọ ọ́, pépà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ wá wo búlúù lábẹ́ ẹ̀, kò ju páálí ìṣáná lọ, ó mọ́ lóló, omijé fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà po ọ̀dà mọ́tò, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó pò ó, ó fín in sára pákó kékeré kan, ó bá a mu régé. Inú mi dùn, mo gbé pákó náà lọ han màámi.

Màámi wò ó, wọ́n ní, "Kí nìyí?"

Mo ní àwọ̀ gìtá dádì ni.

Wọ́n ní, "Gìtá bàbá ẹ wo? Gíríìnì ni gìtá bàbá ẹ."

Wọn ò sì parọ́. Nitro tó wà lókè máa ń pọ́n bí òróró tọ́jọ́ bá ti pẹ́, oòrùn, èéfín sìgá, òógùn òde, òróró lórí búlúù ló ń di gíríìnì. Búlúù abẹ́ bridge yẹn, oòrùn ò débẹ̀ rí ni. Bàbá mi gan-an lè má fojú kàn án rí.

Ni mo bá padà sọ́dọ̀ ọlọ́dà. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé mi tán, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n jẹ́ kó dọ̀tí díẹ̀ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní owó ìyẹn lọ́tọ̀.