Ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ẹ̀tọ́ ta ni?

Àkànbí Ìkòròdú: Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá sí i. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá pé ó lu òun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé e. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kó tó fojú kan adájọ́. Fídíò ọ̀rọ̀ náà ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti ní kó lọ jókòó sílé. N kò sọ pé kò lù ú o, n kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ta ló gbọ́ tẹnu rẹ̀? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ìyá Ìbejì: Bùrọ̀dá Àkànbí, òwe yín dára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó wà ní káńtà kò tilẹ̀ mú bírò. "Ìyàwó, ẹ lọ parí ẹ̀ nílé." Nígbà kẹta, ojú ọ̀tún rẹ̀ ti wú dí, ó ń fi ìborí bò ó. Ta ló gbọ́ tẹnu òun náà?

Lọ́yà Abẹ́òkúta: Àṣẹ ààbò yàtọ̀ sí ìdájọ́, ẹ jọ̀ọ́. Òfin Èkó ti ọdún 2007 lórí ìwà ipá nínú ilé gba adájọ́ láyè láti tẹ́tí sí obìnrin nìkan, kó sì pàṣẹ fún ìgbà díẹ̀ pé kí ọkùnrin má sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, wọn yóò dá ọjọ́ tí òun náà yóò wá rojọ́. Kò tíì jẹ̀bi nìyẹn. Abala 36 ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní aláìṣẹ̀ ni títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè. Abala 35 ńkọ́? Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti gbé e dé iwájú adájọ́. Wọ́n rú òfin lórí ọ̀rẹ́ yín.

Àkànbí Ìkòròdú: Abẹ́ pátákó tí wọ́n kọ "béèlì, ọ̀fẹ́ ni" sí ni wọ́n ti ń bá àbúrò rẹ̀ ná owó béèlì bí ẹni ń ná iṣu.

Ìyá Ìbejì: Owó yẹn gan-an ni! Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi rí tirẹ̀ san nígbà tí wọ́n wá gbé e. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó ti ń kan ilẹ̀kùn.

Àdùkẹ́ Peckham: Níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà òfin ọdún 2021, bí ẹjọ́ ìwà ipá bá ti wà lọ́rùn ọkùnrin, kò lè dúró ní kóòtù ẹbí kó máa fẹnu ara rẹ̀ bi ìyàwó ní ìbéèrè. Kóòtù lè yan lọ́yà tí yóò bá a bi í. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti béèrè kò sọnù, obìnrin kò sì ní máa gbọ̀n níwájú rẹ̀.

Àkànbí Ìkòròdú: Ìyẹn yé mi. Fídíò ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Èmi ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi má gbé àwòrán ojú rẹ̀ síta, kó kó o fún lọ́yà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ni ìbá tún mú un ronú àtigbé e síta?