Iṣẹ́ Ẹrú Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ó Gbé Ìbọn

Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní Àkúrẹ́ wa yìí, níbi tí 32 Artillery Brigade tẹ̀dó sí, tí sójà sì ti di aládùúgbò àti àna ọ̀pọ̀ nínú wa, n kò mọ òwe tí ó bá iṣẹ́ ológun mu tó èyí. Àwọn kan gbà pé sójà kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, pé ohun tí ọ̀gá bá ti wí, abẹ gé e. Òfin ológun fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀: àṣẹ tí ó bófin mu ni ó ní kí ọmọ ogun tẹ̀ lé.

Ká ní wọ́n rán sájẹ́ǹtì kan sí ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lálẹ́, tí ọ̀gá ní kí ó dá àwọn ọlọ́kadà dúró, kí ó sì "kọ́ wọn lọ́gbọ́n". Bí ó bá jẹ́ ẹ bí ẹrú, yóò ní kí bàbá arúgbó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú ọmọ rẹ̀. Bí ó bá fi tọmọ jẹ́ ẹ, yóò yẹ ìwé wò, yóò tú ẹrù wò, yóò kọ nọ́ńbà ọ̀kadà sílẹ̀, yóò sì ní, "Bàbá, ẹ máa lọ o." Ìṣọ́ kò yingin.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà, bí ìgbà tí ọ̀gá bá ní kí sójà pa ẹni tí kò lè jà mọ́, tí kò ṣeé fi tọmọ jẹ́ rárá. Kíkọ̀ ló yẹ ẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1967, nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀, Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun nígbà náà, fún àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ní òfin ìwà lójú ogun: wọn kò gbọdọ̀ pa aboyún tàbí ọmọdé, wọn kò gbọdọ̀ kó ẹrù ẹlẹ́rù, wọn kò sì gbọdọ̀ pa ọ̀tá tí ó ti túúbá. Wọ́n rú u níbi púpọ̀, gbogbo wa la gbọ́. Síbẹ̀, ní 1968, wọ́n yìnbọn pa ọ̀gá sójà kan ní Benin nítorí pé ó pa ẹni tí wọ́n ti mú, tí wọ́n sì ti dè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ sọ ààlà iṣẹ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ sì bi àwọn ọmọ ogun tí ẹ rán léèrè ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n bá dé. Ẹni tí ó bá ní, "Ọ̀gá, èyí kò bófin mu," ẹ má tì í mọ́lé. Bí àwọn yòókù bá rí i pé olóòótọ́ ni ìyà jẹ, wọn yóò panu mọ́, ẹ̀ báà máa ka òfin náà sí wọn létí láràárọ̀.